Oko Orí Ààlà: Ìdílé Àgbẹ̀ Nínú Ìjà Ilẹ̀ Ìlobùú àti Ifọ̀n-Ọ̀ṣun

Oko orí ààlà ni oko ìdílé tó bọ́ sórí ilẹ̀ tí ìlú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a rí irú oko bẹ́ẹ̀ láàrin Ìlobùú, Ifọ̀n-Ọ̀ṣun àti Èrìn-Ọ̀ṣun, ìlú mẹ́ta tó fara ti ara wọn nítòsí Òṣogbo. Ìjà ilẹ̀ àárín wọn ti gbẹ̀mí, ó ti jó ilé, ó sì ti lé àgbẹ̀ kúrò lóko. Síbẹ̀, àwọn ìdílé kan kì í fi oko sílẹ̀, àwọn mìíràn sì máa ń padà síbẹ̀ kí eérú tó tutù. Agídí kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Lábẹ́ àṣà àti lábẹ́ òfin, ọkọ́ tó ń ro ilẹ̀ wà lára ẹ̀rí tí ìlú ń mú lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn ìlú náà

Ìlobùú ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Olobùú ni ọba ibẹ̀. Ifọ̀n ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Orolú. Olúfọ́n ni ọba tirẹ̀. Èrìn-Ọ̀ṣun, ìlú Elérìn, wà nínú Ìrẹ́pọ̀dùn. Ìlobùú ni wọ́n ti ń bọ Erinlẹ̀, ọdẹ tó di odò, tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ bá odò Ọ̀ṣun. Ifọ̀n ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, ìyẹn Ọbàtálá. Èdè kan ni gbogbo wọn ń sọ, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Nítorí náà, bí ìjà bá dé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìlobùú tí ìyá rẹ̀ sì ti Ifọ̀n wá kò ní ibi tí yóò kọjú sí.

Bí àlejò ṣe di ará oko

Ogun ló kó ọ̀pọ̀ ìdílé agbègbè yìí jọ. Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, àwọn tó sá níbẹ̀ sì ya wọ inú igbó ní ìhà gúúsù. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá fún ogun sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìtàn àwọn ará Èrìn-Ọ̀ṣun náà gbé orírun wọn lọ sí Èrìn-Ilé, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara báyìí.

Àlejò tó bá fẹ́ ilẹ̀ yóò lọ bá onílẹ̀. Onílẹ̀ yóò mú un dé ibi tí yóò ro, wọn yóò fi odò, òkìtì tàbí igi pèrègún ṣe ààlà, àlejò yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ìgbà pípẹ́ nìkan kì í sọ ọ́ di onílẹ̀. Bó bá sì sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó fún un, ó lè pàdánù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro oko orí ààlà wà: bí ìdílé bá gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún ìlú kan, ó ti jẹ́rìí ta ko ìkejì.

Oko gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ọdún 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn àbáláyé, ìwé ilẹ̀, ìwà onílẹ̀ bíi kí ó máa fi ilẹ̀ náà dáko tàbí kí ó máa yá a fún ẹlòmíràn, pípẹ́ lórí ilẹ̀ náà, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Bí ìtàn àbáláyé ìhà méjèèjì bá ta ko ara wọn, ìlànà ẹjọ́ Kojo àti Bonsie, tó wá láti Gánà ní 1957, ni kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu àìpẹ́ yìí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà, ṣùgbọ́n ó gbà kí ẹni tó ti ń fi ilẹ̀ ìgbèríko dáko kí òfin náà tó dé máa bá a lọ.

Èyí ló fà á tí àwọn ajagun fi ń kọlu abà tí wọ́n sì ń bẹ́ igi. Kòkó, ọ̀pẹ àti obì ni ìwé ilẹ̀ ẹni tí kò ní ìwé. Bí igi bá ṣubú, tí ahéré jó, tí igbó sì kún, ẹ̀rí ti parẹ́.

Kíkù sóko

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, iná jó ilé, Gómìnà Ademola Adeleke sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ìgbà tí àgbẹ̀ ń ṣánlẹ̀ tí wọ́n ń kọ ebè de òjò ni àsìkò náà. Ẹni tí kò lè jáde nígbà yẹn ti pàdánù ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, nítorí ebè tí a kò kọ kò ní iṣu lọ́dún náà.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oko kò lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gẹ́ lè dúró nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ de olóko. Iṣu kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá jí èbù tàbí tí iná jó o, ọdún tó ń bọ̀ náà ti lọ. Kòkó ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Nítorí náà, ìdílé sábà máa ń pín ara wọn: ìyá àti àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Òṣogbo, bàbá tàbí ọmọkùnrin àgbà sì ń yọ́ lọ wo oko. Ìfẹ́ ni, ewu sì ni.

Ẹ̀kọ́ láti Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́

Nínú ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 tó sì rọlẹ̀ ní 2000 láàrin Ilé-Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ àwọn àlejò tí ogun kó wá láti ìhà Ọ̀yọ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1909 wọ́n ti tú Modákẹ́kẹ́ ká, ó sì ju ọdún mẹ́wàá lọ kí àwọn ènìyàn náà tó padà síbẹ̀. Wọ́n padà, torí pé lílé tí wọ́n lé wọn kò parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà.

Ọ̀nà àbáyọ

Àríyànjiyàn lórí ìlú tó ni ilẹ̀ lè pẹ́ nílé ẹjọ́. Kò yẹ kí oúnjẹ ìdílé máa dúró dè é. Bí àwọn ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìjọba bá gbà pé ẹni tó gbìn ni yóò kórè, ẹnikẹ́ni tó wù kó jàre, tí wọ́n sì gbà pé sísá fún ẹ̀mí ẹni kò sọ ẹ̀tọ́ nù, ìdílé kò ní ìdí láti fi ẹ̀mí ṣọ́ ebè mọ́. Nígbà náà ni àgbẹ̀ lè sá lọ́jọ́ ogun, kí ó sì padà wá bá oko rẹ̀.