Ife Kọ́ ni Ẹgbẹ́

Òkè Bọ́lá ni ilé wa wà, kò jìnnà sí pápá ìṣeré tí a ṣí ní 1960, tí a sọ ní Liberty nítorí òmìnira, tí a sì fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè láti 2010. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá kan ládùúgbò bi àwa ọ̀dọ́ léèrè ọdún tí a dá ẹgbẹ́ tí ń ṣe àbójútó bọ́ọ̀lù Nàìjíríà sílẹ̀. Gbogbo wa dáhùn pé, “1945 ni, Bàbá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ife lẹ kà, ẹ ò ka ẹgbẹ́.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ni mo bá lọ wádìí.

Bọ́ọ̀lù ti wà nílẹ̀ wa kí ẹgbẹ́ tó dé. Ní 1904, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Hope Waddell ní Kàlàbá bá àwọn atukọ̀ ojú omi HMS Thistle gbá a, wọ́n sì borí pẹ̀lú ayò 3 sí 2. Ẹni méjì lè fẹnu kò lórí ìdíje kan. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ti di púpọ̀, ta ni yóò dá ọjọ́? Ta ni yóò yan rẹfirí? Bí ìjà bá dé, ta ni yóò dájọ́? Ìdí nìyí tí a fi dá ẹgbẹ́ alábòójútó sílẹ̀ ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, tí Frederick Baron Mulford, òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Baba Èkó, jẹ́ olórí rẹ̀.

Kúnlé Ṣólàjà, oníròyìn eré ìdárayá, ló tú ìwé ìròyìn àtijọ́ wò, tó rí i pé ọjọ́ 21 oṣù Ògún, 1933, ni a dá ẹgbẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èkó. Kí ló wá bí 1945? Ọdún náà ni ìdíje fún Ife Gómìnà bẹ̀rẹ̀, tí Marine ti Èkó sì gbà á. Ife ń dán, èrò ń pé jọ wò ó. Ìwé ìpàdé kì í dán. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ife ṣe di ọdún ẹgbẹ́.

Ẹ má ṣe sọ pé ọdún 12 kò tó nǹkan. Bí a bá ní 1945, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹ̀bùn Gómìnà ni ẹgbẹ́ náà. Bí a bá ní 1933, a mọ̀ pé àwọn ènìyàn ló jókòó, tí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan, kí Gómìnà tó gbé ife kalẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni ilé tí a kọ́ lé lórí: ní 1949, ẹgbẹ́ náà yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tí Etim Henshaw ṣe balógun wọn lọ sí ìlú Òyìnbó, nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n na Sierra Leone ní Freetown pẹ̀lú ayò 2 sí òdo. Ní 1960, Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ FIFA.

Àwa ará Ìbàdàn náà jẹ̀bi. A rántí pé Ibadan Lions gba ife ilẹ̀ wa ní 1959. Mélòó nínú wa ló lè dárúkọ akọ̀wé tó kọ ìwé wọn?

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ tiwa pàápàá tọ́jú ìwé ìpàdé wa dáadáa, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà fi ọjọ́ àríyá wa ṣe ọjọ́ ìbí wa.