Sójà Ìbàdàn Tó Lọ sí Bọ́mà Tí Kò Padà: Bí A Ṣe Lè Wá Orúkọ Wọn

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ọdún yìí, mo ti mọ ohun tí màá kọ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè: mélòó nínú yín ló ti wọ ọkọ̀ kọjá níwájú bárékè Letmauck ní Mọ́kọ́lá? Gbogbo wa ni. Ta ló wá mọ ohun tí Letmauck jẹ́? Èmi náà ò mọ̀ títí mo fi lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Mo rò pé orúkọ òyìnbó kan ni.

Letmauk, ibì kan ni ní Bọ́mà, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Ibẹ̀ ni àwọn sójà Division 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti bá àwọn ará Jàpáànì jà ní 1945. Dodan l'Ékòó, Arakan ní Àpápá, Myohaung ní Yábàá, Dalet ní Kàdúná, Bọ́mà kan náà ni gbogbo orúkọ bárékè wọ̀nyí ti wá. A kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti jagun sí ẹnu géètì. Orúkọ àwọn tó kú síbẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ìyá tó bí màmá mi, tó ń gbé ní Challenge báyìí, kò rí bàbá tó bí i rí. Inú oyún ló wà nígbà tí bàbá wọṣẹ́ sójà ní 1943. Bàbá ò padà. Lẹ́tà ò dé, owó ò dé. Àwọn ẹbí bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ó ti fẹ́yàwó sí Íńdíà, pé ó ń jayé orí rẹ̀ níbẹ̀. Bí ìjà bá dé, ohun tí wọ́n máa ń fi bú ìyá àgbà nìyẹn: "Ìwọ tí bàbá rẹ sá fún." Nígbà tí wọ́n sì ta ilé bàbá àgbà, tí wọ́n pín owó, wọn ò fún un ní kọ́bọ̀. Wọ́n ní bí bàbá rẹ̀ bá ti Íńdíà dé, kó gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn ún bí ẹni pé àná ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ má jẹ́ kí n fi ìtàn ogun sú yín. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí Bọ́mà, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Division 81 ló kọ́kọ́ lọ ní 1943. Aláǹtakùn ni àmì èjìká wọn. Àfonífojì odò Kaladan tí wọ́n gbà kọjá kò ní ọ̀nà ọkọ̀. Orí ni àwọn èèyàn wa fi ru ẹrù, ìbọn ńlá pẹ̀lú, bàálù ló sì ń ja oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, kó wá ìwé Isaac Fadoyebo kà. Ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tó wọṣẹ́ ní 1942. Ìbọn bà á ní Kaladan ní 1944, àwọn ará abúlé ibẹ̀ sì fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn tiwa tó dé bá a. Ó padà sílé, ó sì dàgbà; 2012 ló tó kú. Ẹ̀yin ẹ ronú sí i: bí àwọn ará abúlé yẹn ò bá ṣàánú rẹ̀, òun náà ì bá di ẹni tí wọ́n máa ní ó fẹ́yàwó sí Íńdíà.

Ó yá, bí a ṣe ń wá wọn. Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú ibojì sójà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, ti kó orúkọ àwọn tó kú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù ọwọ́ yín tó o. Ẹ tẹ orúkọ sí i, kí ẹ yan Nigeria Regiment. Ẹ máa rí nọ́ńbà sójà, ọjọ́ tó kú, àti ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, ọmọ Nàìjíríà ni. GC, ọmọ Gold Coast, ìyẹn Gánà òní. Ẹ rántí pé òkú nìkan ló wà níbẹ̀: àwọn tó kú láàárín 1914 sí 1921, àti 1939 sí 1947.

Ìbí yìí gan-an ni wàhálà wà. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, kò sì bìkítà. Bí ẹnì kan bá ní Ráàjì lòun ń jẹ́, ará Ìbàdàn, "Raji Ibadan" ni wọ́n kọ, ó parí. Belo Akure, akọni sójà tó jà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní tó sì gba àmì ẹ̀yẹ DCM, Àkúrẹ́ tó ń jẹ́ yẹn, orúkọ ìlú ni. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ìdílé yín wá bàbá yín, ẹ ò ní rí i. Ẹ tẹ "Ibadan", ẹ tẹ "Ogbomosho", ẹ tẹ "Iseyin" sí ibi tí wọ́n ti béèrè orúkọ bàbá. Ẹ gbìyànjú Shittu, ẹ gbìyànjú Situ; Lamidi, Lamidu. Èmi lo òru mẹ́rin lórí ẹ̀, iná NEPA (ẹ dárí jì mí, orúkọ yẹn ò kúrò lẹ́nu mi) lọ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ti ogun kìíní tún burú ju èyí lọ. Guggisberg, gómìnà Gold Coast, ti sọ ní 1923 pé àwọn ará ibẹ̀ ò ní mọyì òkúta orí ibojì. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tẹ̀lé jákèjádò Áfíríkà. Ní 2021, àjọ yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, 116,000 èèyàn tó kú, ọmọ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kí iye wọn tó 350,000. Mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó tọrọ àforíjì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá yín bá kú sí Kamẹrúùnù tàbí Ìlà Oòrùn Áfíríkà nígbà ogun yẹn, tí ó jẹ́ aláàárù, ẹ má retí pé ẹ máa rí i lórí kọ̀ǹpútà.

Àwọn tó padà wálé ńkọ́? Ẹ sọdá sí òdìkejì Agbowó, ẹ wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ béèrè National Archives tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ẹ béèrè fáìlì tí wọ́n ń pè ní "Iba Div" àti "Oyo Prof". Ibẹ̀ ni lẹ́tà àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́yìn ogun wà, dírẹ́bà, kápẹ́ńtà, nọ́ọ̀sì, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ nínú ológun. Ẹ mú sùúrù dání, eruku ń bẹ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá gba àmì ẹ̀yẹ, kó wo London Gazette, òun náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi wá rí kí ni? Mo rí ọkùnrin méjì. Orúkọ kan náà, ìlú kan náà, Nigeria Regiment ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan kú ní 1944, èkejì ní 1945. Àwọn méjèèjì wà lára Rangoon Memorial ní Taukkyan, níbi tí wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 27,000 sójà tí kò ní ibojì sí. Kò sí orúkọ òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyíkéyìí. Nọ́ńbà nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Páálí kan wà tẹ́lẹ̀ tí nọ́ńbà bàbá wà lára rẹ̀, ìyá tó bí ìyá àgbà ló tọ́jú rẹ̀. Omíyalé Ògùnpa ti 1980 gbé e lọ pẹ̀lú àpótí.

Mo tẹ ojú ewé méjèèjì jáde l'Agbowó, mo gbé wọn lọ sí Challenge. Mo ṣàlàyé fún ìyá pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́ bàbá wọn, pé ó tiẹ̀ lè má jẹ́ ìkankan nínú wọn. Wọn ò mọ̀wé. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ han àwọn ibi tí orúkọ náà wà, wọ́n fi ìka wọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Méjèèjì ò padà wálé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi ọmọ ránṣẹ́ pe àbúrò bàbá wọn kan tó kù láyé, pé kó wá gbọ́ kí wọ́n kà á sí i létí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán yín. Ní National Archives ní Kew, ìwé ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ológun tó jà ní Bọ́mà wà nínú àkójọ WO 172. Wọ́n máa ń kọ àwọn tó kú sínú rẹ̀ nígbà mìíràn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ò sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá lè yọjú síbẹ̀, nọ́ńbà àwọn ọkùnrin méjèèjì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.