Lítíọ́mù àti Gẹ̀gẹ̀: Apá Kan Nínú Ìtàn Ìwòsàn Àrùn Ọkàn

Ní 1949 ni John Cade, oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Ọsirélíà, kọ àpilẹ̀kọ kúkurú kan lórí iyọ̀ lítíọ́mù. Àwọn aláìsàn mẹ́wàá tí inú wọn ru sókè rékọjá ààlà, tí wọn kì í sùn, tí ẹnu wọn kì í sì í sinmi, ni ó fún ní iyọ̀ náà; ara wọn rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn sàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi padà sílé. Oògùn yìí kan náà ni ó ṣekú pa á ní 1950, nígbà tí wíwọn lítíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ kò tíì di àṣà.

Mogens Schou ti ilẹ̀ Dẹ́ńmákì ni ó gbé iṣẹ́ náà ró pẹ̀lú ìdánwò tí ó tẹ̀ jáde ní 1954. Ní 1968, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé nínú 330 aláìsàn tí ń lo lítíọ́mù, gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn àwọn 12. Ìwà yìí wú mi lórí púpọ̀: ẹni tí ó ń polówó oògùn náà kiri ayé ni ó tún tú àṣírí àléébù rẹ̀.

Gẹ̀gẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ojú ni a fi ń rí onígẹ̀gẹ̀. Èyí tí ó léwu jù ni èyí tí ojú kò rí. Lítíọ́mù a máa dí táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tí ó wà níwájú ọ̀fun, lọ́wọ́ láti tú omi ìsúnniṣe rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí omi yìí bá dín kù, òtútù a máa mú ènìyàn, oorun a máa kùn ún, ara rẹ̀ a wúwo, ìrònú rẹ̀ a falẹ̀, inú rẹ̀ a sì bàjẹ́. Kí ni àwọn ará ilé yóò wí? Wọn a ní àrùn àtijọ́ ti padà dé, oògùn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀fun ni ẹjọ́ wà, kì í ṣe ọkàn.

Àwọn obìnrin ni ó sábà máa ń bá jù. Nítorí náà ni a ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ lítíọ́mù, àti ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà lẹ́yìn náà. Bí àìtó bá wà, oníṣègùn lè fi táírọ́sìnì dí i, kí aláìsàn sì máa lo lítíọ́mù rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ṣàdédé jáwọ́ nínú rẹ̀ lè tún ṣubú sínú àrùn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.