Ìwé Wo Ni Obìnrin Ń Já?

Bí obìnrin bá kọ ọkọ sílẹ̀, a máa ń ní ó jáwèé fún un. Ìwé kẹ̀? Àwọn baba ńlá wa kò fọwọ́ sí ìwé kankan nígbà tí wọ́n ń gbéyàwó. Báwo ni ìwé ṣe wá dé ìdí ìkọ̀sílẹ̀?

Samuel Johnson, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Obìnrin lè bẹ̀bẹ̀ fún un tí ọkọ bá ń fìyà jẹ ẹ́, tí ẹlẹ́rìí sì wà. Ṣùgbọ́n ẹbí á kọ́kọ́ parí ìjà títí, àwọn aláṣẹ ìlú nìkan ló sì lè tú ìgbéyàwó ká. Lẹ́yìn náà pàápàá, ọkùnrin mìíràn kò lè fẹ́ obìnrin náà bó ṣe yẹ, torí a kì í ṣú opó alààyè. (Ọkùnrin ló kọ ìwé yìí o. Bí ìkọ̀sílẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n, ìyẹn ò sọ pé inú àwọn ìyàwó ń dùn.)

Òyìnbó wá dé. Ní 1893, Gómìnà Carter bá Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Ọjà ń gbòòrò, àwọn obìnrin ń rí owó ara wọn, kóòtù ìbílẹ̀ náà sì ń dìde káàkiri. Ibí ni nǹkan ti yí padà. Ìyàwó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí kóòtù. Ìbéèrè tó sì ń pinnu ẹjọ́ níbẹ̀ kì í sábà ju èyí lọ: èló ni ọkọ ná? Bí owó orí àti owó ìdáná bá ti padà sọ́wọ́ ọkọ, ó parí. Nígbà mìíràn, ọkùnrin tuntun ló ń san án. Nígbà mìíràn, obìnrin fúnra rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù á kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ìwé.

Ẹjọ́ irú èyí pọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ìjòyè tó jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, ọkọ olóbìnrin púpọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń tú ìyàwó ẹlòmíràn sílẹ̀ lọ́wọ́ kan, wọ́n ń ṣọ́ tilé wọn lọ́wọ́ kejì.

Ti ọmọ ńkọ́? Àṣà ní ti bàbá ni, owó tí a dá padà kò sì kan ọmọ. Òfin Ìwọ̀ Oòrùn ti 1958 dá sí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 náà sì là á mọ́lẹ̀ pé ire ọmọ ló ṣáájú.

Ní Èkó, ọ̀nà mìíràn ti wà láti 1884: ìgbéyàwó ìwé, ìyàwó kan ṣoṣo. Ọ̀nà méjèèjì wà títí dòní, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì ń rin méjèèjì pọ̀: ẹ ṣe ìdáná nílé, ẹ tún lọ fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísírì. Ẹ gbọ́ dáadáa níbí. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lè tú ti rẹ́jísírì ká, bó ti wù kí adájọ́ rẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ tó. Òfin 1970 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ni. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún 2, ẹ ó kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ kóòtù. Bí ẹ bá ti pínyà fún ọdún 2, tí ẹnì kejì sì gbà, ẹ lè bèèrè. Bí kò bá gbà, ó di ọdún 3. Ẹni tó bá gbé ìwé kóòtù ìbílẹ̀ lọ́wọ́ tó tún lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́jísírì lè rí ẹ̀wọ̀n ọdún 7.

Ilé àti ilẹ̀ ló le jù. Ní 1992, ẹjọ́ kan dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ: ọkọ ti ta ilé, ìyàwó ní òun dá sí kíkọ́ rẹ̀, òun ò ní jáde. Wọ́n ní kó ṣàlàyé ohun tó dá gan-an àti bó ti pọ̀ tó. Kò lè ṣàlàyé. Ẹni tó ra ilé ló borí.