Nígbà tí Ọjọ́ Pé tí Òpin Kò Dé: Àsọtẹ́lẹ̀ Òpin Ayé àti Ìdúróṣinṣin Àwọn Onígbàgbọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn àsọtẹ́lẹ̀ òpin ayé tí kò wá sí ìmúṣẹ. Ó sì wádìí ìdí tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ kì í fi í kúrò nínú ìjọ wọn lẹ́yìn tí ọjọ́ tí a dá bá ti kọjá. A gbé ìtàn Amẹ́ríkà ní ọdún 1844 àti 2011, ti Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ láti ọdún 1947, àti ti ìlú Oǹdó ní ọdún 2022 yẹ̀wò. Ohun tí a rí ni pé okùn ìbáṣepọ̀ tí ó so àwọn ọmọ ìjọ pọ̀ a máa lágbára ju ọjọ́ tí wòlíì dá lọ. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó fẹ́ ran akẹ́kọ̀ọ́ irú ìjọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò lè fi àríyànjiyàn nìkan ṣe é.

Ìfáàrà

Ní ọjà Téjúoṣó, ní agbègbè Yàbá ní ìlú Èkó, ọ̀rọ̀ òpin ayé kì í ṣe àjèjì. Oníwàásù a gbé gbohùngbohùn dání, a máa kìlọ̀ fún èrò tí ń lọ tí ń bọ̀ pé àkókò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹlòmíràn a máa pín ìwé pẹlẹbẹ fún àwọn tí ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ojúẹlẹ́gba. Oníṣòwò tí ó gbọ́ ọ a dáhùn pé ‘Àmín’, a sì padà sí orí ọjà tí ó ń ná. Ẹni tí ó gbà pé ayé ń parí lọ àti ẹni tí ó ti san owó ìsọ̀ ọdún tí ń bọ̀ sílẹ̀ lè jẹ́ ẹnì kan náà. Kì í ṣe àgàbàgebè ni èyí. Ìrètí tí kò ní ọjọ́ kì í dí iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wòlíì bá fi ọjọ́ sí i, tí ọjọ́ náà pé, tí oòrùn sì yọ ní ọjọ́ kejì bí ó ti ń yọ tẹ́lẹ̀? Ohun tí ènìyàn lè rò ni pé ìjọ náà yóò tú ká. Ìtàn fi hàn pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ète iṣẹ́ yìí láti dájọ́ bóyá òpin ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nìyẹn. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni ìwà àwọn ènìyàn lẹ́yìn tí ọjọ́ bá ti yẹ̀.

Àsọtẹ́lẹ̀ ní ojú Yorùbá

Nínú èrò àwọn baba ńlá wa, ayé kò ní ọjọ́ kan pàtó tí yóò parí. Ènìyàn a máa lọ, a sì máa padà wá. Orúkọ bíi Babátúndé àti Yétúndé jẹ́rìí sí i. Bí babaláwo bá sì rí ibi níwájú, kì í fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Yóò ka ẹbọ. Bí ibi náà kò bá dé mọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé Ifá purọ́. Wọn yóò ní ẹbọ ti dà.

Nígbà tí ìjọ Aládúrà gbèrú, láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, dé ìgbà tí Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Séráfù ní Èkó ní ọdún 1925, dé ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà ní ọdún 1930, ààwẹ̀ àti àdúrà ni ó gba ipò ẹbọ. Aríran ríran, ìjọ gbààwẹ̀, ewu fò lọ. Ìtàn Jónà àti ìlú Nínéfè nínú Bíbélì sì ti èrò yìí lẹ́yìn. Nítorí náà, àwọn ènìyàn wa ti ní àlàyé kan nílẹ̀ fún àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ṣẹ, kí àsọtẹ́lẹ̀ ọlọ́jọ́ tó dé: ìkìlọ̀ ni, àdúrà sì ti yí i padà. Àlàyé yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò tó láti sọ ìdí tí ènìyàn fi ń dúró nígbà tí wòlíì bá sọ pé ọjọ́ náà kò ṣeé yí padà.

Ẹ̀kọ́ ọdún 1844

Ní ọdún 1831 ni William Miller, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé bíbọ̀ Jésù ẹ̀ẹ̀kejì kò ní pẹ́. Ó ka 2,300 ọjọ́ inú ìwé Dáníẹ́lì orí 8 sí ọdún, ó sì fi ojú sí nǹkan bí ọdún 1843. Nígbà tí àkókò yẹn kọjá, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gba ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 1844. Àwọn kan fi irè oko sílẹ̀ láìkórè. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, ilẹ̀ sì mọ́. Títí di òní, Ìjákulẹ̀ Ńlá ni àwọn òpìtàn ń pè é.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn tú ká lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kan ń bá ìpàdé wọn lọ nínú ilé ara wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ó gbà pé ọjọ́ náà tọ̀nà, pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀run ni wọ́n ṣì túmọ̀ sí ti ayé. Láti inú wọn ni ìjọ Seventh-day Adventist ti jáde ní ọdún 1863, ìjọ tí kì í dá ọjọ́ fún bíbọ̀ Jésù. Ní ọdún 1914, ajíhìnrere wọn, David C. Babcock, dé Nàìjíríà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ẹ̀rúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ Yunifásítì Babcock tí a dá sílẹ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ní ọdún 1999. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn tí ó retí pé ayé yóò parí ní 1844 ni ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún ìjọ tí ó ń kọ́ ọmọ wa ní yunifásítì lónìí.

Ayétòrò: ìlú tí ikú kò ní wọ̀

Ní ọdún 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ya kúrò lára ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú Ayétòrò dó sí etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láìgba owó ọ̀yà. Àpò kan náà ni èrè gbogbo wọn ń lọ. Ohun tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu jù ni ìgbàgbọ́ wọn pé àwọn kò ní kú mọ́.

Ikú dé. Síbẹ̀, ìlú kò tú. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó yí wọn ká ṣì wà nínú òkùnkùn. Stanley Barrett, onímọ̀ ọmọ Kánádà tí ó gbé láàárín wọn, kọ ìwé lé wọn lórí ní ọdún 1977, ó sì fi orúkọ mìíràn pe ìlú náà nínú rẹ̀. Ó fi hàn pé ìgbà tí a fàyè gba òwò àdáni, ní òpin àwọn ọdún 1960, ni agbára ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí. Àsọtẹ́lẹ̀ pé kò sí ikú kùnà lójú gbogbo ènìyàn, ìlú dúró. Àjọṣe yẹ̀, ìlú mì.

Àwọn tí kò ní agbo

Ìtàn Harold Camping, oníwàásù orí rédíò ní Amẹ́ríkà, fi ìhà kejì hàn. Ó fi ojú sí oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1994, kò ṣẹ. Ó wá dá ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 2011, ó sì tún sún un sí oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Ní ọdún 2012 ó jẹ́wọ́ pé òun ṣàṣìṣe. Bẹ́ẹ̀, ó ti ń kọ́ àwọn olùgbọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n jáde kúrò nínú ìjọ wọn, kí wọ́n máa gbọ́ rédíò. Lẹ́yìn ìkùnà náà, owó ìtọrẹ dín kù gan-an, ilé iṣẹ́ rédíò náà sì ta àwọn kan nínú ilé ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ńlá rẹ̀. A kò lè sọ pé ìdí kan ṣoṣo nìyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá nìkan jókòó ti rédíò kò ní ẹni tí yóò tù ú nínú ní ọjọ́ kejì.

Tíọ́rì Festinger àti àríwísí rẹ̀

Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá sábà máa ń fi ìwé Leon Festinger, Henry Riecken àti Stanley Schachter, tí ó jáde ní ọdún 1956, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé náà dá lórí ẹgbẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà tí ó ń retí ìkún omi ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1954. Àwọn onímọ̀ náà ní, bí òtítọ́ bá forí gbárí pẹ̀lú ìgbàgbọ́, ara ènìyàn kì í balẹ̀. Láti rí ìtura, onígbàgbọ́ a túbọ̀ máa wàásù kí àwọn mìíràn lè bá a gbà á.

Ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra lo tíọ́rì yìí. Ní ọdún 2025, Thomas Kelly tẹ àyẹ̀wò kan jáde lẹ́yìn tí ó ka àwọn ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó fi hàn pé ẹgbẹ́ náà ti ń wàásù kí ọjọ́ tó pé, pé ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kò dúró bí ìwé ti sọ, àti pé àwọn olùwádìí tí ó fara pamọ́ sí àárín wọn dá sí ọ̀rọ̀ wọn. A kò ní tìtorí èyí sọ pé ọkàn ènìyàn kì í wá àwíjàre. Ohun tí a ń sọ ni pé ọkàn nìkan kò tó ṣe àlàyé. Ó yẹ kí a wo agbo tí ọkàn náà wà nínú rẹ̀.

Agbo yìí ni ẹni tí ó lọ sí Téjúoṣó lè fojú rí. Ọmọ ìjọ ni ó ń bá aláìsàn ṣọ́ ìsọ̀, tí ó ń dá owó ìsọmọlórúkọ jọ, tí ó ń gbé òkú òbí ẹni sin. Ènìyàn ni aṣọ. Ẹni tí ó bá fi ìjọ sílẹ̀ nítorí ọjọ́ tí ó yẹ̀ yóò pàdánù wòlíì kan. Ṣùgbọ́n yóò tún pàdánù oníbàárà, alárinà ìgbéyàwó àti àwọn tí yóò sin ín.

Oǹdó, ọdún 2022, àti iṣẹ́ olùkọ́

Ní oṣù Keje, ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde láti ilé ìjọ kan ní àdúgbò Valentino ní ìlú Oǹdó, àwọn kan láti inú yàrá abẹ́lẹ̀: ọmọdé 26, ọ̀dọ́ 8, àti àgbàlagbà 43. Alukoro ọlọ́pàá sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé igbákejì pásítọ̀ ti sọ fún wọn pé Ìgbàsókè yóò wáyé ní oṣù Kẹrin, kí ó tó yí i sí oṣù Kẹsàn-án. Ó tún ní wọ́n ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé òbí wọn nínú Olúwa nìkan ni kí wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Oṣù Kẹrin ti kọjá ní oṣù mẹ́ta kí ọlọ́pàá tó dé, síbẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Èkíní, kò yẹ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Ọmọ tí a fi ṣẹ̀sín yóò sá padà sí ibi tí a ti ń pè é ní ẹni ìyàsọ́tọ̀. Èkejì, kí a má ṣe jẹ́ kí àyè rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ di òfìfo, nítorí ọ̀rẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí yóò bá padà. Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ ìtàn 1844 àti 2011 kí wòlíì tó dá ọjọ́ tuntun. Lẹ́yìn tí ó bá dá a, etí a máa di. Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá ti ọmọ mọ́lé tàbí tí wọ́n dá a dúró ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àríyànjiyàn ẹ̀sìn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 àti òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀ranyàn ọdún 2004 ti sọ ohun tí ó kàn, ó sì yẹ kí olùkọ́ fi tó àwọn aláṣẹ létí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ọjọ́ tí ó yẹ̀ kì í fi dandan tú ìjọ ká. Ní 1844, àwọn tí ń pàdé nínú ilé ara wọn ni ó dúró. Ní Ayétòrò, àjọṣe ni ó gbé ìlú ró lẹ́yìn tí ikú ti wọ̀ ọ́. Àwọn olùgbọ́ Camping tí kò ní agbo ni kò rí ohun dì mú. Nítorí náà, ìbéèrè tí a sábà máa ń bi onígbàgbọ́, pé ‘Ṣé o kò rí i pé kò ṣẹ ni?’, kì í dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó rí i. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé bí òun bá jáde lónìí, ta ni yóò gba òun sílé lọ́la? Títí ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti àdúgbò yóò fi ní ìdáhùn sí ìyẹn, yóò dúró ti àwọn tí ó ti gbà á.