Ìlù tí a lé jáde, àti ilé tí ó gba ọmọ oníjó: Twins Seven-Seven àti Mbari Mbayo

Ìtàn la mú wá lónìí, kì í ṣe ìwàásù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1961, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Dúró Ládiípọ̀, ọmọ katikíìsì, kọ orin Àjíǹde fún Sọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo. Ó fi ìlù ìbílẹ̀ sí i. Àwọn àgbà ìjọ fárígá: ìlù kèfèrí nìyẹn, kò gbọdọ̀ dún nílé Ọlọ́run! Ládiípọ̀ kò bá wọn jà. Ó gbé orin rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, ará Jámánì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣí ilé kan ní Òṣogbo fún eré, orin àti àwòrán. Wọ́n ti ní irú ẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pè é ní Mbari. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni, àmọ́ etí àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ bíi Yorùbá: "m bá rí i, m bá yọ̀." Bó ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn o.

Ta ló wá kún ilé náà? Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Jimoh Buraimoh ló ń tan iná fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀. Rufus Ogundele, Jacob Afolabi àti Muraina Oyelami, eré ni wọ́n ń bá a ṣe. Wọ́n fún wọn ní bébà àti ọ̀dà, wọ́n ní kí wọ́n ya ohun tó wà nínú wọn.

Ní 1964 ni ọmọ ọdún 20 kan jó wọ ìlú. Táíwò Ọláníyì lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú. Ó ń bá oníṣòwò oògùn kan káàkiri, ijó rẹ̀ ló ń pe èrò. Ó máa ń sọ pé ìbejì méje ni ìyá òun bí léraléra, òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú gbogbo wọn. Ìdí tó fi ń jẹ́ Twins Seven-Seven nìyẹn. Ẹ ro ọkàn ìyá yẹn wò ná.

Àwọn ará Mbari Mbayo kò jẹ́ kó bá oníoògùn lọ mọ́. Georgina Beier, tó ń darí ẹ̀kọ́ àwòrán lọ́dún náà, fún un ní kálàmù àti yíǹkì. Ọmọ tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí rí bẹ̀rẹ̀ sí í ya igbó, iwin àti ẹranko tó lórí púpọ̀, kò fi àyè kankan sílẹ̀ lórí bébà. Nígbà tó yá, ó ń gé pákó pelebe, ó ń tò ó lé ara wọn kí àwòrán lè yọ síta. Ó ń kọrin pẹ̀lú: ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, ó gbé àwo jáde. Ìtàn kan náà tó ń kọ lórin ló ń yà sórí pákó.

Àwọn kan nínú wa á ní, "Pásítọ̀, iwin kẹ̀?" A gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n àlọ́ tí àwọn ìyá wa pa fún wa ńkọ́? Amos Tutuola tó kọ̀wé nípa igbó iwin, ilé-ìwé Salvation Army ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ABD. Ẹni tó ń ròyìn igbó kọ́ ló ń bọ igbó.

A ò sì ní sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Nike Okundaye, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ojú òun rí nǹkan nínú ilé yẹn. Obìnrin náà jáde, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní aró àti àdìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Twins fúnra rẹ̀ jìyà ní Amẹ́ríkà. Ó ṣọ́ mọ́tò níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kan ní Philadelphia, kí wọ́n tó mọ̀ pé ayàwòrán ni, tí wọ́n fún un láyè láti máa ṣiṣẹ́. Ní 2005, UNESCO fi í joyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà. Ó kú ní Ìbàdàn ní 16 oṣù kẹfà, 2011.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Ìlù tí wọ́n lé jáde ní 1961, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kò sí lónìí? Gángan ń dún nínú ìyìn tiwa náà. Ìlù kò yí padà, àwa la yí padà. Ká ní àwọn àgbà yẹn ti fara balẹ̀ ni, bóyá inú ọgbà ìjọ ni ilé yẹn ìbá wà. Ẹ rántí Besaleli nínú Ẹ́kísódù 31: ẹni àkọ́kọ́ tí Bíbélì sọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí kún, oníṣẹ́ ọnà ni.

Ọmọ kan wà nínú ìjọ yín tó ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé orin nígbà ìwàásù. Ẹ má gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ra òmíràn fún un.

Olúwa kò ní jẹ́ ká lé ìbùkún wa jáde. Ẹ bá wa ṣe Àmín.