Maŋ: Ìlú Mẹ́ta ní Ẹ̀bá Èbúté Tema

Ní èdè Gã, ‘maŋ’ ni ìlú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ó wà nínú orúkọ ibùgbé mẹ́ta tí ó wà nítòsí ara wọn ní ìlà-oòrùn Accra: Torman, Tema Manhean àti Ashaiman. Ìjọba kó ọ̀kan kúrò, ó tẹ èkejì dó, ẹ̀kẹta sì hù fúnra rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Torman ni ó dàgbà jù. Akèrègbè ni a ń pè ní ‘tɔ’, nítorí náà ìlú akèrègbè ni orúkọ náà, ẹnu àwọn àlejò ni ó sì sọ ọ́ di Tema. Apẹja ni àwọn ará ibẹ̀. Ní 1952 ìjọba Gold Coast gba ilẹ̀ tí ó lé ní 60 máìlì onígun mẹ́rin ní agbègbè náà, wọ́n sì fi í sí ìkáwọ́ Tema Development Corporation. Èbúté ọkọ̀ òkun ni wọ́n fẹ́ kọ́, èyí tí yóò bá ìdídò odò Volta àti iṣẹ́ alumíníọ̀mù rìn. Ojú ibi tí Torman wà gan-an ni wọ́n yàn. Owó gbà-máà-bínú nìkan kọ́ ni ó fa àríyànjiyàn. Ta ni yóò ṣí ojúbọ nípò? Ọ̀sà Sakumo àti òrìṣà tí ń jẹ́ orúkọ kan náà kì í ṣe ẹrù tí a lè dì. Iṣẹ́ èbúté bẹ̀rẹ̀ ní 1954, àwọn ará ìlú kò sì kúrò títí di 1959.

Máìlì bíi méjì sí ìlà-oòrùn ni wọ́n kó wọn lọ, sí ilé tí iléeṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé nì, Maxwell Fry àti Jane Drew, ya àwòrán rẹ̀. Amarteifio, Butcher àti Whitham kọ odidi ìwé lórí ìṣípòpadà yìí ní 1966. Manhean ni wọ́n pe ibẹ̀, èyíinì ni ìlú tuntun. Ẹ wo bí orúkọ ṣe yí ìtàn po: àwọn tí ó pẹ́ jù lórí ilẹ̀ ni a ń pè ní ará ìlú tuntun, ìlú àwọn àlejò ni ó sì jogún orúkọ àtijọ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ibi tí yìnyín ti ń bo òkun. Ní erékùṣù Disko ní Greenland, ìlú awakùsà èédú kan wà tí ń jẹ́ Qullissat, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924. Nígbà tí èédú kò mú èrè wá mọ́, àwọn aláṣẹ pa ìlú náà tì ní 1972, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fọ́n ká sí àwọn ìlú mìíràn ní etí òkun. Ilé ṣì wà níbẹ̀ láìsí olùgbé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò ṣeé fojú fò: ọrọ̀ tí ó tán ni ó tú Qullissat ká, ọrọ̀ tí ń bọ̀ ni ó lé Torman.

Ashaiman, ìlú Ashai, kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni. Wọ́n pín Tema sí kọ́múnítì onínọ́ńbà, ṣùgbọ́n owó ilé ibẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ alágbàṣe lọ. Wọ́n sùn sí Ashaiman. Ènìyàn 185 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 1948. Ní 1970, wọ́n ti di 22,549. Láàárín ọdún wọ̀nyí náà ni ìjọba Busia pàṣẹ, ní 18 Oṣù Kọkànlá 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé-ìlú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ Manhean kankan dè wọ́n.

Ní 2008, Ashaiman kúrò lábẹ́ Tema, ó ní ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ìkànìyàn 2021 ka 208,060 ènìyàn níbẹ̀.